Ẹ Tètè Gbéra Ní Kabba

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi bọ́ọ̀sì tí ẹ tẹ́ ibùsùn sí nínú wo òkè àti omi ilẹ̀ wa. Inú mi dùn sí i gan-an. Oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ lọ. Ṣáájú rẹ̀, odò Ọya máa ń kún. Ní 2012 àti 2022 ó ya wọ Lọ́kọ́ja. Bí ọyẹ́ bá sì ti le, ẹ lè gun òkè Patti ní Lọ́kọ́ja kẹ́ ẹ má rí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé.

Bí ẹ bá ti gbéra ní Kabba, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ògìdì, ní Ìjùmú, ìlú Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà. Ẹ wo àpáta ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá òfì ìnàró táwọn ìyá wa fi ń hunṣọ. Ẹ kí ọba kẹ́ ẹ tó gun àpáta o.

Bí ẹ bá wá ń lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́nà Ọbájáná, ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ǹtì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má bá wọn du ọ̀nà. Ẹ fún taya àfirọ́pò ní afẹ́fẹ́ láti ilé, kẹ́ ẹ sì rí i pé jáàkì ń ṣiṣẹ́.

Ti òru ló ń kọ mí lóminú jù. Ajínigbé wà lọ́nà. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá yín nínú ìlú. Inú ọgbà tó ní ọdẹ ni kẹ́ ẹ sùn, ẹ má sùn lẹ́bàá igbó, bó ti wù kí ibẹ̀ lẹ́wà tó. Kẹ́ ẹ sì pe ìyá yín lálaalẹ́.