Ògì, Àgbo àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ẹ̀yin ìyá, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń mú ògì kan lè ṣe ìfun lóore, ṣùgbọ́n iná a máa pa wọ́n nígbà tí a bá se é. Oúnjẹ dára; kò rọ́pò ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ẹ ṣọ́ra fún àgbo asofẹ́yẹjẹ. Èròjà reserpine inú rẹ̀ a máa mú ara rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì.

Bí abiyamọ bá ń banú jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò rí oorun sùn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ti àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, kò jìnnà sí Jíbówú. Ẹ sọ àgbo tí ó ti mu fún dókítà. Bí ó bá mẹ́nu kan ikú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.