Ọ̀nà Kan Náà, Wákàtí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé ti Kennedy ní New York tó nǹkan bí 3,440 máìlì, èyí tí í ṣe 5,540 kìlómítà. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí àlọ ti jìn ni àbọ̀ jìn, ṣùgbọ́n wákàtí wọn kò dọ́gba. Ọkọ̀ tí ń lọ sí New York a máa lo nǹkan bí wákàtí 7 àbọ̀ lójú òfurufú. Èyí tí ń bọ̀ a máa lo nǹkan bí 6 àbọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ní òkè réré tí ọkọ̀ ń gbà, afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. A máa dá ọkọ̀ tí ń lọ dúró, a sì máa ti èyí tí ń bọ̀ síwájú, gẹ́gẹ́ bí ìṣàn odò ti ń ṣe sí ọkọ̀ apẹja.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, 1958, ọkọ̀ Comet méjì ti ilé-iṣẹ́ BOAC gbé èrò kọjá òkun náà. Èyí tí ó gbéra ní New York fi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 12 dé Lọ́ńdọ̀nù. Èkejì lò ju wákàtí 10 lọ, nítorí pé ó yà sí Gander ní Kánádà láti bu epo.

Nítorí náà, ẹni tí ń ṣírò epo kì í fi máìlì nìkan ṣe òdiwọ̀n, nítorí kò sí ibi ìsọ̀kalẹ̀ lójú agbami. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti le tó, kí ó sì fi èyí tí yóò gbé ọkọ̀ dé pápá mìíràn kún un, bí kùrukùru bá bo ibi tí wọ́n ń lọ.