Ẹ Má Ṣe Sùn Lẹ́yìn Ògiri Tí Omi Ń Tì

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó. Onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé òde òní ṣe ń kọ̀ fún àgbàrá? Ó ń mọ ògiri ga, ó ń fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò, ó ń to àpò yanrìn sẹ́nu ọ̀nà, ó wá ń sùn fọnfọn. Ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ o: ògiri tí ẹ gbójú lé yẹn lè pa yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí omi bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 níta, lára ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí inú yàrá sì gbẹ, agbára tí omi fi ń ti ògiri náà tó ìwúwo 30 àpò sìmẹ́ǹtì. Bó bá wá ga dé ẹsẹ̀ bàtà 6, 60 àpò kọ́ o, 120 ni! Ògiri búlọ́ọ̀kù lásán, tí kò ní irin nínú, kò lè fàyà rán irú ẹ̀. Òrùlé ni wọ́n mọ ọ́n láti gbé, wọn ò mọ ọ́n láti dá odò dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìkọ́lé fi ń kìlọ̀ pé ká má ṣe dínà mọ́ omi kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3.

Ará Ìbàdàn ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn fún wọn. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú, ó kó ilé, ó kó èèyàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí à ń retí pé kí òjò sinmi díẹ̀. Ẹ má fi kàlẹ́ńdà tan ara yín jẹ.

Nítorí náà, ẹ má kọ́lé sójú ọ̀nà odò, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ pọ́ọ́kú. Ibi tí omi ti gbà rí, yóò tún padà gbà á. Ẹ wo àmì tí omi fi sílẹ̀ lára ilé àdúgbò, kí ẹ gbé ìpìlẹ̀ tiyín ga jù ú lọ. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, kí waya máa ti òkè àjà sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi fáàfù sí páìpù tó ń lọ sí sọ́kàwéè, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ni àgbàrá yóò gbà wọlé bá yín. Bí ìsàlẹ̀ ilé bá jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà dá ihò sí ìdí ògiri, kí omi máa wọlé kó sì máa jáde, kí tinú lè máa ti ògiri padà bí tìta ṣe ń tì í. Ilẹ̀ yóò tutù, ilé yóò dúró.

Bí omi bá ti ń bọ̀, ẹ pa iná láti ìdí mítà nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ. Bí ẹsẹ̀ yín bá ti wà nínú omi, ẹ má fọwọ́ kan mítà náà rárá. Lẹ́yìn omi, ẹ má mu omi kànga tí àgbàrá ti wọ̀, kí onígbáméjì má baà parí ohun tí òjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni onílé ti ń kọ̀ fún àgbàrá. Bí òjò bá ti dé, kíkọ̀ kan ṣoṣo ló kù: ẹ kọ̀ láti dúró sínú ilé. Ẹ kó ọmọ, ẹ kó àgbà, kí ẹ jáde.