Kòkòrò Àrùn tí ó Fara Sin

Ohun alààyè gbogbo ni ó ní àmì ìran tirẹ̀, tí à ń pè ní DNA. Bí a bá kà á, a ó mọ irú rẹ̀. Ní ọdún 2014 a ròyìn ọmọdékùnrin ẹni ọdún 14 kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, tí ibà àti ẹ̀fọ́rí dá dùbúlẹ̀ títí gìrì fi mú un. Àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn San Francisco ka DNA inú omi ọpọlọ rẹ̀. Láàárín wákàtí 48 wọ́n rí kòkòrò Leptospira. A fi pẹnisílínì wò ó, ó sì sàn. Ìtọ̀ eku a máa gbé kòkòrò yìí wọ inú omi. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ibà ọmọ kò bá lọ, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ omi tí ó ti wẹ̀ fún oníṣègùn.