Abéèrè Náà A Máa Ṣìnà

Abéèrè kì í ṣìnà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé lásìkò ọdún ìtúnu ààwẹ̀ 2024, tọkọtaya kan ní àdúgbò wa níhìn-ín, ní Kofar Rini, béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí wọ́n tó jáde nílé. Wọn ò gbéraga, wọn ò ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Síbẹ̀, wọ́n ṣìnà débi pé pálọ̀ mi la ti parí ìjà wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ló gbé ọkọ wá sí Sókótó, ìyàwó sì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá dàgbà sí ìtòsí Òkè Màpó, tó wá bá ara rẹ̀ nínú ìlú pẹrẹsẹ bíi tiwa níbí, àárò òkè yóò sọ ọ́. Nígbà tí ìjọba fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọdún, wọ́n ní àwọn á lọ gun òkè ní Wurno, kí àwọn rí ìlú tí Sultan Muhammad Bello tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1830, tó kú sí ní 1837, tí ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun lókè, wọ́n á padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fẹ́ràn tọkọtaya tó bá ń jáde pọ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ogún ọdún ní Òkè Ọya, a ò mọ̀ ju ilé, ibi iṣẹ́ àti ilé ìjọsìn lọ.

Ọkọ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, Yorùbá bíi tiwa, ẹni tó ti pẹ́ ní Sókótó. Ìyẹn ní, “Wurno? Bí ogójì kìlómítà péré ni. Ẹ ó ti dé kí ẹ tó mọ̀.” Kò dé ibẹ̀ rí. Ọkọ bi mẹkáníìkì rẹ̀. Mẹkáníìkì ní, “Ba nisa,” ìyẹn ni pé kò jìnnà. Ó tún bi oníṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà. Ba nisa. Ìyàwó ní kí àwọn bi ẹlòmíràn sí i. Ọkọ ní ẹni mẹ́ta ti tó.

Agogo mọ́kànlá ni wọ́n gbéra, nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Sókótó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bàtà gogoro ló wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹlẹ́rìndòdò ló wà nínú búùtù, omi ò ju ìwọ̀nba lọ. Mọ́tò gbóná lójú ọ̀nà. Wọ́n dúró sínú oòrùn kó lè tutù, kò sí igi tó níbòòji nítòsí. Nígbà tí wọ́n dé ibi táwọn sójà ti ń yẹ mọ́tò wò, wọ́n bi wọ́n pé, “Ta lẹ ń lọ kí ní Wurno?” Wọn ò lè dárúkọ ẹnì kan. Sójà ní kí wọ́n dá orí mọ́tò padà, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọn ò fojú kan òkè, ìrẹsì ti kan, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

“Bàbá, ẹni mẹ́ta ni mo bi!” Ohun tí ọkọ ń sọ ní pálọ̀ mi nìyẹn.

“Ẹ bá mi bi wọ́n, Bàbá, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló dé ibẹ̀ rí?” Ìyàwó ló dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè náà gan-an. “Ṣé ó jìnnà?” kì í ṣe ìbéèrè. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin wákàtí kan lọ sóko rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ló jìnnà lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni àwọn tó yí wa ká níbí. Wọn ò ní rí àlejò tó wọṣọ ọdún kí wọ́n bu omi tútù sí i lọ́kàn. Ba nisa tí wọ́n sọ, àdúrà ni, wọn ò fi wọn ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni: ìgbà wo lo lọ kẹ́yìn? Wákàtí mélòó lo fi dé? Ibo lo ti mu omi? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ.

Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tó dé Wurno ní oṣù kẹrin ọdún 1853, nígbà tí Sultan Aliyu ọmọ Bello ń gbé ibẹ̀, mọ ìbéèrè í béèrè. Ó gbọ́ Haúsá. Lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, á bi oníṣòwò, á bi ẹni tó lọ sí Mẹ́kà dé, á kọ ọ̀rọ̀ kálukú sílẹ̀, á sì fi wọ́n wé ara wọn: ìrìn ọjọ́ mélòó ni, ibo lomi wà. Ó lọ sí Timbuktu, ó tún gba Sókótó kọjá padà ní 1854. Oṣù kẹrin kan náà, Wurno kan náà. Àwọn tiwa ní mọ́tò, wọn ò débẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí wọ́n bi kò sì ṣòro rí. Etí odò Rima, ní apá Wurno àti Goronyo, ni púpọ̀ nínú àlùbọ́sà tí à ń jẹ ti ń wá. Awakọ̀ tó kó àlùbọ́sà wọ Sókótó láàárọ̀ mọ ọ̀nà náà ju ẹni tó ti gbé ìlú fún ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó mọ ibi táwọn sójà wà, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọjà Goronyo, èèyàn tó lé ní ogójì ló kú. Lápá ibẹ̀ yẹn, ìròyìn àná ti di ògbólógbòó. Bí awakọ̀ àlùbọ́sà bá ní kí o má lọ, má lọ. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí èèyàn.

Ibi tí mo ti bá ọkọ wí jù nìyí: ọ̀nà nìkan ló béèrè. Ká ní ó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ béèrè tirẹ̀ ni, ìyẹn ì bá béèrè ibi tí obìnrin ti lè tọ̀, ibi tí ìbòòji wà, aṣọ tó yẹ, bàtà tó yẹ. Òkè ìhà ibí kì í ṣe Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tí ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Orí rẹ̀ tẹ́jú, àpáta líle pupa ló bò ó, ilẹ̀ rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni. Bàtà gogoro kọ́! Ẹ tún wo èyí: ẹni tó bá dúró lórí òkè tó wà lẹ́bàá ìlú, ó ń wo inú àgbàlá onílé nìyẹn. Àwọn obìnrin tó wà nínú kulle, ìyẹn ẹ̀há, ń gbé níbẹ̀, ojú ọkùnrin àjèjì kò gbọ́dọ̀ tó wọn, áḿbọ̀sìbọ́sí kámẹ́rà. Ọ̀dọ̀ maigari, ìyẹn baálẹ̀, là ń kọ́kọ́ lọ. A kí i, a sọ ohun tí a bá wá, yóò sì fún wa ní ọmọ tó máa mú wa gòkè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí sójà bá béèrè ẹni tí à ń lọ kí, orúkọ ti wà lẹ́nu wa.

Ní ti àsìkò, ẹ fi oṣù kẹrin sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní Kérésìmesì ló dára jù nítorí ọyẹ́. Òótọ́ ni pé ara á tù yín, ṣùgbọ́n eruku lẹ ó rí lókè. Tèmi ni ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù kẹwàá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko ṣì tutù yọ̀yọ̀, ìsinmi sì ni. Bí ọ̀nà ò bá dára lọ́dún náà, ẹ jọ rìn lọ sí Hubbare, ibi tí wọ́n sin Shehu Usman dan Fodio sí nínú Sókótó níbí, lásìkò tí oòrùn bá ti rọlẹ̀.

Ṣé òwe wá parọ́ ni? Ààbọ̀ òótọ́ ló sọ. Ó di gbogbo ẹrù lé abéèrè lórí, ó sì gbàgbé ẹni tí a bi. Ọkọ yìí jẹ̀bi, mo ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ kò tó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn. Àwa Yorùbá tó pẹ́ ní Òkè Ọya la mọ ìwà yìí jù: ojú ń tì wá láti jẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ibì kan wà tí a ò mọ̀ nínú ìlú tí a fi ń yangàn. À ń tọ́ka ọ̀nà tí a ò rìn. A ti kọ́ ọmọ wa láti béèrè, ó tó. Ó ku kí àgbà kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, “Mi ò débẹ̀ rí, lọ bi ẹlòmíràn.”