Ṣé Kí N Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Àpò Oúnjẹ Mi?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí: iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń mú kí ara fúyẹ́. Èyí tó dé kẹ́yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí kò ṣeé fi di ọ̀la.

“Bàbá ilé wa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù nílẹ̀ òkèèrè ní oṣù méjì àbọ̀ sẹ́yìn. Ara wọn ti fúyẹ́ gan-an, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ ń padà jáde lẹ́nu. Wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé eèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn, bí wọ́n bá sì dìde, ńṣe ni wọ́n ń fì bí ẹni tó mutí. Nọ́ọ̀sì àdúgbò fẹ́ wá fa omi sí wọn lára lọ́la. — Ìyàwó tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Ṣíun.”

Mo ti pe nọ́ńbà tí ẹ kọ sábẹ́ lẹ́tà yín, ìyá. Mo tún ń kọ ọ́ síbí nítorí ẹlòmíràn tó lè wà nínú irú rẹ̀. Ẹni tó ń bì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ó ṣeé ṣe kí fítámì B1, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní thiamine, ti tán lára rẹ̀. Omi tí nọ́ọ̀sì àdúgbò sábà máa ń fà síni lára, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Bí ṣúgà yẹn bá ṣáájú B1 wọlé, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ débi tí ìrántí kò ní padà mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé wọn lọ, lónìí. Kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ ti sọ fún dókítà pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn, kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ B1 ṣáájú omi ṣúgà èyíkéyìí, kí wọ́n sì wò ó bóyá ibi tí wọ́n rán ti fún pọ̀ jù.

Lẹ́tà kejì ló gùn jù, òun náà ló sì gbà mí lásìkò jù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 47 ni mí, Kọ́bapẹ́ ni mò ń gbé, ìrẹsì Òfàdà ni mò ń tà. Mo wọ̀n 112 kílò, gíga mi jẹ́ 160 sẹ̀ǹtímítà. Ìtọ̀ ṣúgà mi ti pé ọdún mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Orúnkún kì í jẹ́ kí n dìde nídìí ọjà láìdi nǹkan mú, oògùn ara ríro ni mò ń gbé mì lójoojúmọ́. Bí mo bá jẹun alẹ́ tán, omi kíkan á máa gòkè wá sí ọ̀fun mi. Ọmọ mi tó wà ní London ní òun á sanwó kí n lọ ṣe sleeve ní Tọ́kì, pé ọjọ́ méje péré ni. Àbúrò mi ní Èkó ní bypass ló dáa. Bàbá àwọn ọmọ ní irú rẹ̀ ló pa ìyàwó Ọbásanjọ́, pé àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá onírẹsì, Kọ́bapẹ́.”

Ìyá onírẹsì, ẹ kú ọjà. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ bàbá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ wọn nídìí, àmọ́ iṣẹ́ abẹ mìíràn ni wọ́n ń sọ. Àwa tí a wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 2005 kò lè gbàgbé òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, 22 oṣù Kẹwàá, bàlúù Bellview já lulẹ̀ ní Lísà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, ti ṣaláìsí ní Sípéènì. Fífa ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n lọ ṣe. Ọ̀pá tí kò yẹ kó kọjá ọ̀rá náà ni wọ́n tì wọnú ikùn, ó lu ìfun, ó sì ya ẹ̀dọ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ dá dókítà tó ṣe é lẹ́wọ̀n ọdún kan. Fífa ọ̀rá kò kan àpò oúnjẹ rárá. Ìrísí ló ń tún ṣe, kò wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó bá sì wọ̀n 112 kílò kò ní tìtorí rẹ̀ di ẹni 80. Kí bàbá má ṣe kó méjèèjì pọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ abẹ tí ọmọ yín ń sọ ní ewu tirẹ̀ náà. Ibi tí wọ́n rán lè máa jò. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kó sì ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Síbẹ̀, ní ilé ìwòsàn tó ń ṣe é déédéé, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ni ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ sí i.

Ṣé ẹ yẹ fún un? Ẹ sọ gíga yín di mítà, ẹ fi 1.6 lọ́nà 1.6, ó jẹ́ 2.56. Ẹ fi ìyẹn pín 112, ẹ ó rí nǹkan bí 44. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Láti 1991, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ní kó pé 40, tàbí 35 bí àìsàn bíi tiyín bá wà níbẹ̀. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ yìí tún un wò, wọ́n ní 35 ti tó fún ẹnikẹ́ni, àti pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè máa rò ó láti 30. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tiẹ̀ ń yọ 2.5 kúrò fún àwa aláwọ̀ dúdú, torí ìtọ̀ ṣúgà kì í dúró kí ara wa tóbi tó ti òyìnbó kó tó mú wa. Ẹ yẹ fún un dáadáa. Kò wá túmọ̀ sí pé dandan ni.

Ohun tí sleeve jẹ́ nìyí. Wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ dànù, ìyókù á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá tí wọ́n gé yẹn ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ebi ti dé, ìdí nìyẹn tí ebi fi ń rọlẹ̀ lára ẹni tó bá ṣe é. Kò ṣeé dá padà. Bypass yàtọ̀ sí i. Edward Mason ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1966. Wọ́n á ya òkè àpò oúnjẹ sọ́tọ̀, kò ní ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á fa ìfun wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo ìyókù àpò náà àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, bí ọkọ̀ tó gba márosẹ̀ kọjá láìyà sọ́jà. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ àpò oúnjẹ ti di ohun àná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dè é ló padà lọ tú u. Fèrè tí wọ́n ń fẹ́ sínú ikùn kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́, kílò tó lọ sì sábà máa ń padà wálé.

Ní tiyín, omi kíkan yẹn ni mo kọ́kọ́ wò. Sleeve máa ń mú irú rẹ̀ le sí i, àní ó ń dá a sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Bypass ló ń mú un lọ. Ìtọ̀ ṣúgà náà ń tọ́ka sí bypass: ṣúgà ẹlòmíràn ti ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ara kò tíì fúyẹ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń padà sí àwọn kan lára lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ǹ bá ní kí ẹ tẹ̀ lé àbúrò yín. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ oògùn ara ríro.

Èwo ni? Bó bá jẹ́ diclofenac, ibuprofen tàbí Feldene tí gbogbo wa ń rà lọ́wọ́ olóògùn, òun àti bypass kì í gbélé pọ̀. Ó máa ń dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n so àpò mọ́ ìfun, ọgbẹ́ náà sì lè lu. Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe takókó: orúnkún ló ń lé yín lọ síbi iṣẹ́ abẹ, oògùn orúnkún náà ló sì lè ba iṣẹ́ abẹ jẹ́. Kódà bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, oògùn yẹn lójoojúmọ́ lára ẹni tó ní ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín ló ń jẹ. Ẹ bá dókítà sọ ọ́, kí ẹ fi oṣù mẹ́ta gbìyànjú paracetamol dípò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín. Bí ara bá kọ̀ ọ́, ìyẹn nìkan tó láti yí ìdáhùn padà sí sleeve, kí wọ́n sì máa fi oògùn bá omi kíkan náà jà. Àgbo orúnkún tí wọ́n fi ọtí rẹ náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Lẹ́yìn bypass, ọtí díẹ̀ ń gunni lórí kíákíá.

Mo wá dé ibi tó jọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bá yín sọ. Ẹ̀gbá ni wá, láfún ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. A kì í rún òkèlè, gbígbé la ń gbé e mì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ohun tí eyín kò bá lọ̀ kúnná kò ní ríbi gbà. Á há sí àyà, itọ́ á kún ẹnu, ẹ ó sì bì í. Omi ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ olómi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ kí ẹ tó tún fojú kan oúnjẹ líle. Ògì lásán kò ní gbé yín ró. Dókítà á fẹ́ kí ẹ máa rí ó kéré tán 60 gíráàmù protein lójúmọ́. Ẹyin kan kò ju nǹkan bí 6 lọ. Ẹ wá wò ó nínú àpò tí òun fúnra rẹ̀ kò ju ẹyin lọ: mọ́ínmọ́ín díẹ̀ láàárọ̀, ẹja díẹ̀, wàrà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́. Bí àyè bá ṣẹ́ kù ni láfún tó lè wọlé. Omi kò gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ rìn, ó di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Fítámì, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti B12 kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta, títí ayé ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lọ́dọọdún. Èmi tí mò ń kọ èyí sanra, n kò ní purọ́ fún yín, mo sì ti bi ara mi bóyá mo lè ṣe é. N kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò tíì ṣe mí bó ṣe ń ṣe yín.

Kí ni ẹ ó rí gbà padà? Bypass sábà máa ń mú nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, sleeve nǹkan bí 25. Ní tiyín, kílò 28 sí 34 nìyẹn. Ẹ kò ní di lẹ́pa. Ẹ ó wà láàárín 78 sí 84, ẹ ó sì lè dìde nídìí ọjà láìwá ohun dì mú.

Ọjọ́ méje Tọ́kì yẹn ni mo kọ̀ jálẹ̀. Ibi tí wọ́n rán lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí ẹ ti padà sí Kọ́bapẹ́. Ìwọ̀n oògùn ṣúgà yín gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣúgà á já yín sílẹ̀ lóru. Ta ni ẹ ó pè? Ìjókòó wákàtí gbọọrọ nínú bàlúù tún ń fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn tó ń lọ ṣe irú nǹkan wọ̀nyí ní Tọ́kì, torí àwọn kan kò padà wálé láàyè.

Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń ṣe é ní Èkó àti Abuja. Kí ọmọ yín san owó náà síbẹ̀, kódà bó bá ju ti Tọ́kì lọ. Kí ẹ bi dókítà náà pé mélòó ló ń ṣe lọ́dún, mélòó ló jò, ta ló ń gbé fóònù lóru, àti pé kó fi ìwé àṣẹ ọdún yìí hàn yín, èyí tí MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ iṣẹ́, fún un. Bó bá bínú, ẹ dìde.

Kí ẹ tó dé Èkó, ojú ọ̀nà ilé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Títì tó gba Kọ́bapẹ́ kọjá, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta wà ní apá kan rẹ̀, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù wà ní apá kejì. Ẹ yan ọ̀kan, kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wò yín ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí wọ́n yẹ ṣúgà oṣù mẹ́ta wò, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo àpò oúnjẹ, kí wọ́n sì wá H. pylori, kòkòrò tó ń dá ọgbẹ́ sínú. Bí ẹ bá ń hanrun lóru tí èémí sì ń dúró, kí bàbá sọ ọ́, torí dókítà tó máa fi oògùn mú yín sùn gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ẹnu ayé ńkọ́? Wọ́n á ní kí ló ń mú kí ìyá onírẹsì máa rù, wọ́n á sì dárúkọ àìsàn tí ẹ kò ní. Níbi ìnáwó, ẹ ó jẹ ṣíbí mẹ́rin, olówó ìnáwó á ní ẹ kò fẹ́ràn òun. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó fi dá wọn lóhùn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìdáhùn mi rèé: ẹ má lọ sí Tọ́kì. Bí àyẹ̀wò bá bá lẹ́tà yín mu, tí ẹ sì bọ́ lọ́wọ́ oògùn orúnkún, bypass ni. Kí bàbá àwọn ọmọ bá yín lọ rí dókítà, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Lẹ́tà kẹta kúrú. “Mo wọ̀n 78 kílò, gíga mi jẹ́ 168 sẹ̀ǹtímítà, ara mi le. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ku oṣù mẹ́ta, aṣọ ẹbí ti há mọ́ mi lára. Ṣé kí n ṣe sleeve ni, àbí kí n ra abẹ́rẹ́ Ozempic lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á lórí Instagram? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àlàbàtà.”

Ọmọ mi, BMI rẹ kò pé 28. Dókítà tó bá gbà láti gé àpò oúnjẹ rẹ, sá fún un. Ozempic jẹ́ oògùn gidi, àmọ́ dókítà ló ń kọ ọ́, inú fíríìjì ló sì ń gbé kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù Kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa ayédèrú rẹ̀. Má ra nǹkan kan lọ́wọ́ ará Instagram yẹn. Mú aṣọ náà lọ bá télọ̀, kó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọ.