Sáà Kìíní ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò
Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra ìrìn-àjò, àti fún àwọn òbí àti olùkọ́ wọn

Ní ọdọọdún, nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa a máa fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọn a di ẹrù, wọn a sì gba ilé-ẹ̀kọ́ òwò lọ. Àwọn mìíràn ń lọ sí Èkó. Àwọn mìíràn a kọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ti ní aya àti ọmọ. Ẹlòmíràn sì ti yá owó kí ó tó lè lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá dágbére fún wa, ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń sọ pé àwọn ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n ń kọ sí wa lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀ràn mìíràn ni ó ń dà wọ́n láàmú. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí wádìí ohun tí ó ń mú sáà kìíní nira, àti bí ènìyàn ṣe lè fi ìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

I. Irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́

A óò fi Harvard Business School, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ni ó ti kọ́ ìṣe wọn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1908 ni a dá a sílẹ̀. Ní 1919 ni Wallace Donham di olórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kọ́ òfin rí. Ó sì mọ̀ pé ẹjọ́ tí a ti dá ní tòótọ́ ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, kì í ṣe àkọ́sórí nìkan. Ó mú kí a máa kọ́ òwò bákan náà. Láti ìgbà náà wá, a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ilé iṣẹ́ kan tí ó wà nínú ìṣòro: iye owó tí ń wọlé, iye tí ń jáde, ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn sí. Ìtàn náà a dúró níbi tí olórí ilé iṣẹ́ náà ti ní láti pinnu. Ìbéèrè kan ni ó kù: Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni ìwọ ìbá ṣe? Nǹkan bí 500 irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kà láàrin ọdún méjì. Lagos Business School, tí a dá sílẹ̀ ní 1991, ń fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ́ni pẹ̀lú. Nítorí náà ẹ̀kọ́ yìí kan ẹni tí ń lọ sí Èkó gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ń kọjá òkun.

Báyìí ni ọjọ́ kan ṣe ń rí ní Harvard. Ní alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ a dá nìkan ka ìtàn méjì tàbí mẹ́ta. Ní òwúrọ̀, òun àti àwọn mélòó kan a pàdé láti fi èrò wọn wé ara wọn. Lẹ́yìn náà wọn a wọ inú gbọ̀ngàn, níbi tí nǹkan bí 90 ènìyàn ti jókòó yí olùkọ́ ká bí ìlàjì òṣùpá, tí orúkọ olúkúlùkù sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn 90 yìí kan náà ni yóò jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ọdún kìíní. Olùkọ́ lè pe ẹni tí kò tilẹ̀ na ọwọ́ sókè, pé kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ ní kíláàsì lè kó tó ìdajì máàkì rẹ̀.

II. Ìdènà kìíní: ìdákẹ́

Ẹ kíyè sí i, ibí yìí ni ìṣòro àwọn ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀. A tọ́ wọn pé kí ọmọ má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, àti pé ẹni tí kò bá dá ọ̀rọ̀ lójú kí ó pa ẹnu mọ́. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn náà, ẹni tí ó bá dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ ati ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé kò kàwé, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú olùkọ́.

A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn níbi iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní òkè-òkun. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò la ẹnu rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń to ọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Kí ó tó tò ó tán, ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun ń rò ó láti padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìtàn tí a kà jẹ́ ti ilé ìfowópamọ́ kan tí ó fẹ́ máa yá àwọn obìnrin ọlọ́jà lówó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé láti fi dógò, kò sí ohun tí yóò mú un san gbèsè. Ìyá ọmọkùnrin yìí sì rèé, olórí ẹgbẹ́ èsúsú ni. Ó na ọwọ́ sókè. Ó ṣàlàyé bí ènìyàn 20 ṣe ń dá owó jọ, bí wọ́n ṣe ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti bí ìtìjú níwájú ẹgbẹ́ ṣe lágbára ju ìwé dógò lọ. Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Ìbéèrè wọn kò sì tán títí a fi lu agogo. Ohun tí ó rò pé kò tó nǹkan ni gbogbo wọn kò ní.

Nítorí náà ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun kan ṣoṣo tí yóò sọ sílẹ̀ kí ó tó wọlé. Kí ó sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbéèrè, nítorí bí ìdákẹ́ bá ti ń pẹ́ ni ó ń wúwo sí i. Kí ó sì fi etí sílẹ̀, kí ó lè mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kí ó fi tirẹ̀ lé e. Àwọn baba wa wí pé, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.” A kò mọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe àlàyé irú ẹ̀kọ́ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

III. Ìdènà kejì: ẹni tí ó ti ń ṣe ipò kìíní

Àwọn tí a gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti ń ṣe dáadáa ní ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kó ẹni 90 jọ, ẹni 45 ni yóò wà ní ìdajì ìsàlẹ̀, bí ó ti wù kí gbogbo wọn gbọ́n tó. Ẹni tí kò tíì jókòó ní ìsàlẹ̀ rí lè rò pé ọpọlọ òun ni ó ti bàjẹ́, tàbí pé àṣìṣe ni ó mú kí a gba òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni kò kàn sọ ọ́ jáde ni. Kí ó lọ bá ẹni tí ó mọ ohun tí òun kò mọ̀, kí ó sì fi ohun tí ó mọ̀ san án padà. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

IV. Ẹ má bẹ̀rù ìṣirò

Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù kò ṣe àjèjì sí ọjà wa. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí olùkọ́ lè fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ìyá kan fi ₦100,000 ra aṣọ, ó sì ta gbogbo rẹ̀ ní ₦130,000. ₦40,000 ni a san fún un lọ́wọ́. ₦90,000 ni a rà láwìn. Ǹjẹ́ ó jèrè? Ìwé èrè wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ₦30,000. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí àpótí rẹ̀: ₦40,000 péré ni ó wà níbẹ̀, kò tó ìdajì ojú owó tí ó fi ra ọjà. Bí ọjọ́ ọjà bá dé, kò lè ra iye aṣọ tí ó rà tẹ́lẹ̀. Ó jèrè, kò sì ní owó lọ́wọ́.

Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka ìwé mẹ́ta pọ̀: èyí tí ó sọ èrè tàbí àdánù, èyí tí ó sọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, àti èyí tí ó sọ ohun tí a ní àti gbèsè tí a jẹ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ti ṣubú nígbà tí ìwé èrè wọn ṣì dára lójú. Ẹni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ sin gbèsè àwìn rí ti mọ ìdí rẹ̀. Orúkọ àwọn ìwé náà ni ó kù kí ó kọ́.

V. Àkókò, owó, àti àwọn ará ilé

Nínú sáà kìíní kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń bẹ̀rẹ̀ sí wá láti yan àwọn tí wọn yóò gbà. Àwọn ẹgbẹ́ ń pe ènìyàn, àríyá sì ń bẹ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe gbogbo rẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ó tìtorí rẹ̀ wá sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa padà kà á. Bí àwọn ọlọ́rọ̀ bá ń rìnrìn-àjò ìgbádùn, kí ẹni tí ó yá owó wá rántí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹbí, apá tiyín nìyí. Ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò kò tíì di olówó. Gbèsè ni ó ń jẹ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ owó ilé, owó òkú, àti owó ìgbéyàwó lé e lórí ní oṣù wọ̀nyí. Ẹ máa kọ̀wé sí i. Ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òkè yìí wí fún wa pé ìwé ìyá òun ni ó dá òun dúró ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Kò sí ìmọ̀ràn òwò nínú rẹ̀. Ìyá náà kàn béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, ó sì sọ ohun tí ń lọ nínú ẹgbẹ́ èsúsú rẹ̀.

Ìbéèrè fún àjùmọ̀sọ

1. Báwo ni a ṣe lè kọ́ ọmọ ní ọ̀wọ̀, kí a má sì kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù láti sọ̀rọ̀?
2. Bí a bá san ₦50,000 nínú àwìn ìyá aláṣọ náà, èló ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, èló ni yóò sì kù níta?
3. Kí ni o mọ̀ láti ilé rẹ tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ̀?